Oògùn ara ríro tó di bárakú nínú ìtàn mi: báwo ló ṣe yẹ kó mú èèyàn gan-an?

ỌmọRẹ́mọ_Akọ̀tàn

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń kọ ìtàn àròsọ kan lọ́wọ́, ọdún 2090 ló ṣẹlẹ̀, ní Rẹ́mọ níbí náà, ayé ti bàjẹ́ pátápátá nígbà yẹn, kò sí ìjọba mọ́, kọ́ńpìnì kan ṣoṣo ló ń pàṣẹ láti Ògèrè títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ṣágámù láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì, tí gbogbo wa mọ̀ lónìí, òun náà ni wọ́n ṣì ń wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti wà á dé ibi tí oòrùn ò dé mọ́, ọmọ ọdún 14 sókè ló ń wọ inú kòtò náà. Àwọn ọ̀gá ń gbé lọ́hùn-ún nínú yàrà Erédò Sùngbọ́, yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, wọ́n ti tún yàrà náà gbẹ́, wọ́n fi wáyà iná sí etí ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wà níta.

Oògùn kan wá wà tí kọ́ńpìnì yẹn ń ṣe, Ẹ̀rọ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Táblẹ́ẹ̀tì funfun pẹlẹbẹ ni, tó bá ti kan ahọ́n ó máa ń tutù. Ní páàkì àti lójà, omi ìgbín làwọn èèyàn ń pè é. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pín in lẹ́nu ọ̀nà kòtò, nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó ẹ̀ nínú owó iṣẹ́, nígbà tó tún yá owó iṣẹ́ gan-an ò tó o mọ́. Àjíkẹ́ lorúkọ obìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, ẹ̀yìn ló ń dùn ún, ó gbé e mì, ó rí ìsinmi, ó sì di ẹrú ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó bá mi kà á ní ó dà bí idán lójú òun, pé orí 2 ló lò ó lẹ́ẹ̀kan, orí 3 ó ti ń jalè nítorí ẹ̀, orí 9 ó jù ú sígbó, ilẹ̀ mọ́, ara ẹ̀ ti yá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa irú oògùn báyìí, yálà ẹ ń tọ́jú èèyàn àbí ẹ ti rí i ládùúgbò, ẹ bá mi sọ bó ṣe ń rí. Mi ò fẹ́ kọ ohun tí ẹni tí ọmọ ìyá ẹ̀ wà nínú ẹ̀ máa kà táá fi ju ìwé náà nù. Báwo ló ṣe ń múni? Báwo lèèyàn ṣe ń jáde? Kí ló tún lè mú kí odidi ìlú máa lo nǹkan tí wọ́n ń rí ohun tó ń fojú aládùúgbò wọn rí? Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń dà mí láàmú jù.

Nọ́ọ̀sì_Ìkẹ́nnẹ́

Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ni mo wà, irú oògùn tí ẹ ń sọ yìí ni mo ń fún èèyàn lójoojúmọ́, torí náà ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí táwọn tó ń kọ irú ìtàn báyìí máa ń fò dá. Oògùn yẹn ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tí egungun itan ẹ̀ fọ́ sí méjì, tó ń ké tí gbogbo ilé ìwòsàn ń gbọ́, tẹ́ ẹ bá fún un ní mọ́fíìnì bó ṣe yẹ, kò ní í pẹ́ tí ojú ẹ̀ á fi wálẹ̀, á máa bi yín pé ṣé ẹ̀yin náà ti jẹun. Tí ìtàn yín bá bẹ̀rẹ̀ látorí pé Ẹ̀rọ̀ burú, kò sẹ́ni tó máa yé. Ẹ jẹ́ kó dáa ná. Ẹ jẹ́ kí Àjíkẹ́ sùn mọ́jú lẹ́ẹ̀kan, kó jí, kó lè gbé ọmọ ẹ̀ pọ̀n láìṣe pé ó di ògiri mú.

Bó ṣe ń múni rèé. Nínú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn wa, àwọn ibì kan wà tí oògùn yìí máa ń lọ jókòó sí, tramadol o, kodéènì o, mọ́fíìnì o, ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Ara wa fúnra ẹ̀ máa ń ṣe nǹkan tó jọ ọ́, ìyẹn ni wọ́n dá ibẹ̀ sí fún. Tí èyí tó ń ti ìta wọlé bá wá pọ̀ lójoojúmọ́, ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ etí ikún, ohun tó tó lóṣù tó kọjá ò ní í tó mọ́, á di pé kéèyàn fi kún un. Kò sí ẹni tí táblẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo sọ dẹrú. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ẹ ń lò ó láìdáwọ́ dúró ni, tí ọjọ́ kan á wá yí tí ẹ ò rí i, tí ara á sọ fún yín pé òun ti mọ́ ọn. Ọjọ́ yẹn gan-an lẹ ní láti kọ dáadáa, torí Àjíkẹ́ ò ní í mọ̀ pé oògùn ni, á rò pé ibà ló ń ṣe òun.

Láàárín wákàtí 6 sí 12 tó gbẹ̀yìn lò ó, á máa yán láìṣe pé oorun ń kùn ún, omi á máa jáde lójú àti nímú, ara á máa ṣe é gìrìgìrì, gbogbo irun ọwọ́ á nà ró. Lẹ́yìn náà inú á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, ìgbẹ́ gbuuru, èébì, egungun á máa ro ó bí ìgbà tí wọ́n ń fi òòlù gún un, ẹsẹ̀ ò ní í lè dúró sójú kan. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó rọlẹ̀, oorun àti ọkàn tiẹ̀ lè máà bọ̀ sípò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ̀yin ẹ wá wo orí 9 yín.

Nǹkan méjì míì tẹ́ ẹ lè lò, torí mo ti rí i pé ẹ fẹ́ràn kí nǹkan ṣe pàtó. Bó ti wù kí ara mọ́ oògùn náà tó, nǹkan méjì ni ara kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ́: àìrígbẹ́yà, àti ẹyinjú. Ẹni tó ń lò ó, ìgbẹ́ rẹ̀ á gan, ọjọ́ mélòó kan kò ní í yàgbẹ́, nítorí náà ní ọjà Ṣágámù ti ọdún 2090 yín, àwọn ìyá eléwé omọ á máa ta ewé àsúnwọ̀n ju ohunkóhun mìíràn lọ, ẹni tó bá ń rà á púpọ̀, gbogbo ọjà ti mọ̀ ọ́n. Ẹyinjú wá ńkọ́, dúdú àárín ojú á kéré tín-ń-tín kódà nínú òkùnkùn. Ẹ rò ó wò, sójà kọ́ńpìnì dúró lẹ́nu kòtò, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sójú èèyàn kọ̀ọ̀kan, ẹni tí dúdú ojú ẹ̀ bá fẹ̀ kò lò ó lónìí, ìyẹn ni pé ó ń gbìyànjú àti kúrò lábẹ́ wọn. Kò nílò ẹ̀rọ kankan.

Àti pé, èyí ló máa ń ba èmi lẹ́rù nínú iṣẹ́ wa, tí èèyàn bá lò ó pẹ́ tó sì pọ̀, oògùn náà fúnra ẹ̀ lè mú kí ara túbọ̀ máa gbọ́ ìrora. Ohun tí ò dun ẹlòmíì á máa dùn ún. Á wá fi oògùn kún oògùn.

Ìyá_Onírẹsì_Ògèrè

Ọmọ mi, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí, mo ní kó tẹ gbogbo ẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ìdí tírélà ni mo ti ń tajà ní Ògèrè, ìdájí kùtù ni mo ti ń dáná torí àwọn dírẹ́bà tó fẹ́ gba ojú títì kí hólódọ́ọ̀pù tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà, mọ́tò bọ́ì ni, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, tó bá dé á dọ̀bálẹ̀ kí mi, á bá mi gbé ìkòkò kalẹ̀ láìní kí n sọ ọ́. Tíì nìkan ló ń rà. Á jókòó sórí bẹ́ńṣì, á yọ láílọ́ọ̀nù kékeré kan nínú àpò ṣòkòtò, á fi eyín tú kókó ẹ̀, torí ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n, kò lè fi ọwọ́ tú u, á da méjì àbí mẹ́ta sẹ́nu, á fi tíì gbígbóná lé e. Màá máa wò ó. Nígbà tí mo bá fi bu ìrẹsì fún bí èèyàn mẹ́rin, ọwọ́ ẹ̀ ti dúró, á máa họ imú, á máa họ ọrùn, á máa rẹ́rìn-ín, á ní màmá ẹ mà kú iṣẹ́ o. Lẹ́yìn náà á lọ já sìmẹ́ǹtì. Àpò sìmẹ́ǹtì tí àwọn ọkùnrin tó tóbi jù ú lọ ń gbé kan kan, á gbé méjì lérí.

Lọ́jọ́ kan kò rí i rà, mi ò mọ̀ bóyá àwọn agbófinró ló wá sí páàkì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Oòrùn mú gan-an, ó wọ súwẹ́tà. Ó ń yán, ó ń yán, omijé ń bọ́, kì í sì í ṣe ẹkún. Ó ká ara ẹ̀ kò lórí bẹ́ńṣì mi, ó ní màmá egungun mi ni, ẹ bá mi di egungun mi mú. Èmi náà rò pé ibà ni, mo ní kó lọ ra oògùn ibà, ó wò mí bí ẹni pé mò ń sọ èdè míì. Ọ̀gá ẹ̀ dé, kò bínú rárá, ó yọ tiẹ̀ lápò, ó fún un. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ sínú ìwé yín nìyẹn, ọ̀gá ẹ̀ ló fún un. Kò fún un torí pé ó fẹ́ kó jayé, wọ́n ní láti dé Ọrẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú ni.

Ní ẹ̀yìn ìgbà yẹn ó ṣubú ní páàkì, gìrì mú un, ara ẹ̀ gan, ìtọ́ ń yọ lẹ́nu ẹ̀, àwọn èèyàn sá, wọ́n ní wárápá ni, wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan ìtọ́ ẹ̀, ẹnì kan ń wá ṣíbí tó máa kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Láti ọjọ́ yẹn làwọn tí wọ́n jọ ń jẹun ò ti bá a jẹun mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí Àjíkẹ́ nínú ìtàn yín, kì í ṣe torí pé wọ́n burú, torí pé ẹ̀rù ń bà wọ́n.

Àlàbí_Ìjẹ̀búÒde

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Màmá, ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ọ̀gá yẹn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, òun ni màá fi dáhùn ìbéèrè kẹta tí akọ̀tàn bi wa.

Odidi ìlú kì í dédé gba nǹkan. Ẹni tí wọ́n fọkàn tán ló máa ń gbé e fún wọn. Ẹ wo bó ṣe ṣẹlẹ̀ láyé tòótọ́. Ọdún 1898 ni kọ́ńpìnì Bayer ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta hẹroíìnì, oògùn ikọ́ ni wọ́n pè é, wọ́n ní kì í mú èèyàn bíi mọ́fíìnì, àwọn dókítà ló ń kọ ọ́ fáwọn tó ń ṣàìsàn. Ọdún 1996 ni kọ́ńpìnì Purdue gbé oògùn ara ríro kan tó ń jẹ́ OxyContin jáde ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń bá wọn polówó ẹ̀ ń lọ láti ọ́fíìsì dókítà kan dé òmíràn, wọ́n ń sọ pé kò lè tètè di bárakú torí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń tú sára, nígbà tó di 2007 kọ́ńpìnì náà fẹnu ara ẹ̀ jẹ́bi nílé ẹjọ́ pé àwọn parọ́ nípa ẹ̀, owó ìtanràn tó ju 600 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Nígbà yẹn àìmọye èèyàn ti kú. Nínú gbogbo ẹ̀, kò sí ẹni tó fi ìbọn ti ẹnikẹ́ni láti gbé e mì. Dókítà ìdílé ló kọ ọ́ fún wọn.

Nítorí náà, kọ́ńpìnì inú ìtàn yín, mi ò rò pé wọ́n máa pín Ẹ̀rọ̀ lẹ́nu kòtò lásán. Ẹ rántí ibi tí à ń sọ. Ní Ìjẹ̀bú, ta ni èèyàn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu? Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ẹ̀ ni. Àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, tí wọ́n jọ ń dáṣọ, tí wọ́n jọ ń ná owó ara wọn, tí wọ́n jọ ń jó lọ síwájú Awùjalẹ̀ ní Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Ká sọ pé Ẹ̀rọ̀ ń gba ọwọ́ gìwá ẹgbẹ́ wọlé, tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀bùn àríyá pẹ̀lú ike àti aṣọ ìnura, ta ló máa kọ̀ ọ́? Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ti kọ ẹgbẹ́. Ìyẹn le ju kéèyàn kọ oògùn.

Ìkejì, ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu nínú ìtàn ayé tó bàjẹ́ ni pé oògùn kan ṣoṣo ló máa ń wà, tí òǹkọ̀wé ò ní í sọ ibi tí gbogbo èyí tó kù gbà lọ. Rẹ́mọ rèé, ilẹ̀ obì. Láti ìgbà àwọn bàbá wa ni obì Ṣágámù ti ń gun lọ sí òkè Ọya, Sábó wà níbẹ̀ nítorí òwò obì. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru á jẹ obì, ẹni tó rẹ̀ á mu àgbo, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn á lọ bá ìyá àgbà tó máa fi òrí pa á. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí wọn ní 2090? Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń kọ ọ́, màá jẹ́ kí kọ́ńpìnì gé gbogbo igi obì láti Ìperu dé Ọ̀dẹ-Rẹ́mọ, kí wọ́n ní kòkòrò ló wà lára ẹ̀. Kí wọ́n fi òfin de ẹlẹ́wé omọ. Kí wọ́n mú ìsinmi ọjọ́ ọjà kúrò. Ẹ má kàn jẹ́ kí wọ́n ní oògùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ní ìrora náà. Àwọn tó gbẹ́ kòtò tó ba ẹ̀yìn Àjíkẹ́ jẹ́ ni wọ́n ń ta ohun tó máa jẹ́ kó lè padà sínú kòtò lọ́la. Tí kòtò bá dín jinlẹ̀, ọjà Ẹ̀rọ̀ á bàjẹ́. Wọ́n ò ní í jẹ́ kó dín láéláé.

Ẹ̀hẹ́n, ọ̀rọ̀ pé àwọn ọ̀gá wà nínú Erédò, inú mi ò dùn sí i tó bá jẹ́ pé Ìjẹ̀bú lọ̀gá, Rẹ́mọ lẹrú. Yàrà yẹn tó nǹkan bí 160 kìlómítà yíká, ibòmíì wà tó jìn tó 20 mítà, àwọn èèyàn fi ọwọ́ àti ọkọ́ gbẹ́ ẹ ni, ọwọ́ àwọn baba ńlá wa. Ẹ fi àwọn òṣìṣẹ́ Ìjẹ̀bú náà sínú kòtò. Ọ̀gá kọ́ńpìnì lè ti ibikíbi wá.

ỌmọRẹ́mọ_Akọ̀tàn

Ẹ ṣé gan-an ni o. Bọ̀dá Àlàbí, mo gbọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni mo fẹ́ sọ, màá tún ibẹ̀ gbẹ́. Igi obì yẹn, mo ti mú un o, ẹ ti fún mi. Màmá Ògèrè, ẹ kú ìrọ́jú, mo ka ti ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbéèrè kan ló kù, nọ́ọ̀sì ẹ jọ̀ọ́. Bí mo ṣe fẹ́ kí ìtàn náà lọ ni pé Àjíkẹ́ dáwọ́ ẹ̀ dúró, lóru ọjọ́ kejì ó gun yàrà Erédò, ó wọlé sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá láti lọ jí ìwé tí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń po oògùn náà sí. Pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ sọ, ṣé ó lè ṣeé ṣe? Àti pé ṣé nǹkan wà tó lè jí ẹni tó ti lò ó jù dìde?

Nọ́ọ̀sì_Ìkẹ́nnẹ́

Lóru ọjọ́ kejì kẹ̀? Kò lè gun òkè ilé ara ẹ̀. Ẹni tó ń bì tó ń ṣu, tí omi ara ń tán, ẹsẹ̀ tó ń ta kò jẹ́ kó sùn láti àná. Tó bá jẹ́ pé lóru ọjọ́ yẹn ló máa gun yàrà, á jẹ́ pé ó ti gbé Ẹ̀rọ̀ mì kó tó gùn ún. Ẹ jẹ́ kó gbé e mì. Ẹ gbà mí gbọ́, á dáa jù. Obìnrin tó ń lọ ba oògùn jẹ́, tó ní láti lò ó kó tó lè dé ibẹ̀, ìyẹn ni mo mọ̀, àwọn tí mò ń rí nìyẹn, ìyá tó lò ó láàárọ̀ kó lè dìde wá gbọ́ ohun tí dókítà máa sọ nípa bó ṣe máa fi í sílẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ kó fi í sílẹ̀ tòótọ́, ọ̀nà méjì ni. Tó bá já a lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fún un ní ẹnì kan tó máa jókòó tì í, tó máa fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà níwọ̀n díẹ̀díẹ̀, torí pé fífi í sílẹ̀ yẹn kì í sábà pa èèyàn, àìsí omi lára ló máa ń pa á. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, bó ṣe dáa jù nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nílé ìwòsàn, ní Aró l'Ábẹ́òkúta wọ́ọ̀dù wà fún àwọn tí egbòogi ti di bárakú fún. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn yín, ta ló máa fún un ní oògùn tó ń dín kù? Kọ́ńpìnì nìkan ló ní in. Ìyẹn nìkan tó orí méjì.

Èyí tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé rèé: ẹni tó ti fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara ẹ̀ ti padà di ti ẹni tí ò lò ó rí. Tó bá wá padà, tó gbé iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mì, iye yẹn lè pa á. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń kú, ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n tàbí nílé ìtọ́jú ni wọ́n ń kú. Ẹbí á ní ó ti jáwọ́, kí ló wá pa á.

Bẹ́ẹ̀ ni, nǹkan tó ń jí wọn wà, naloxone ni wọ́n ń pè é, abẹ́rẹ́ tàbí èyí tí wọ́n ń fọ́n símú. Ẹni tó lò ó jù, mímí ẹ̀ ló ń dáwọ́ dúró, á máa mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á máa han-run lọ́nà tó ṣàjèjì, ètè ẹ̀ á máa yí dúdú, ẹ pè é kò dáhùn. Naloxone á lé oògùn náà kúrò níbi tó jókòó sí, ẹni náà lè jí lójú ẹsẹ̀, gbogbo ìyà fífi í sílẹ̀ á dé bá a lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní í dúpẹ́ lọ́wọ́ yín o, ó lè bínú. Kì í sì í pẹ́ lára, láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí kan àbọ̀ ó ti ń tán, tí oògùn àkọ́kọ́ bá ṣì kù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tó jí yẹn tún lè sùn padà. Nítorí náà ẹni tó bá jí Àjíkẹ́ kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ lọ.

Màmá Ògèrè, ẹ dákun, gìrì tẹ́ ẹ rí yẹn, tramadol máa ń fà á tó bá ti pọ̀ jù lára. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ níwájú yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ki nǹkankan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n mú òkúta àti irin kúrò nítòsí orí ẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìtọ́ ẹ̀ kì í ran ẹnikẹ́ni.

Tísà_Ìjẹ̀búIgbó

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Akọ̀tàn, ọ̀rọ̀ méjì péré. Ẹ má kọ iye tí wọ́n ń lò àti ohun tí wọ́n ń pò ó mọ́ sínú ìwé náà o, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ló máa kà á, mo mọ àwọn ọmọ mi, orí tí bí wọ́n ṣe ń pò ó bá wà ni wọ́n máa ya fọ́tò ẹ̀. Ìtàn yín ò nílò ẹ̀.

Ìkejì, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọmọ páàkì àti òṣìṣẹ́ kòtò nìkan. Ìwádìí tí àjọ UN bá ìjọba wa ṣe ní 2018 sọ pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 14.3 ló lo egbòogi láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà, nínú wọn, bíi mílíọ̀nù 4.6 ló ń lo irú oògùn ara ríro yìí láìjẹ́ pé dókítà ní kí wọ́n lò ó. Ọdún kan náà, oṣù karùn-ún, ni ìjọba fòfin de síròọ̀pù ikọ́ tó ní kodéènì nínú. Kì í ṣe páàkì nìkan ni wọ́n ti ń mu ún, ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, níbi ìgbéyàwó, nínú yàrá ìyàwó ilé. Àwọn ìyá tó ń din gàrí ní àdúgbò mi ńkọ́, tí wọ́n ń jókòó ti iná láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n dìde? Kẹ́mísì ìtòsí ló ń ta á fún wọn, wọn ò tiẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀, oògùn aláwọ̀ báyìí ni wọ́n máa ń sọ. Ẹ fi ọ̀kan nínú wọn síbẹ̀. Kó jẹ́ ìyá ọkọ Àjíkẹ́, kó jẹ́ òun ló kọ́kọ́ fún un ní Ẹ̀rọ̀, tìfẹ́tìfẹ́, torí pé ó rí i tó ń sunkún.

Ìyá_Onírẹsì_Ògèrè

Tísà, òótọ́ lẹ sọ. Ẹni tó kọ́kọ́ fún ọmọ yẹn ní tiẹ̀, ó sọ fún mi, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni. Apá ọmọ náà ló yẹ̀ níbi tó ti ń já ẹrù. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé, ọmọ mi ti kọ ohun tẹ́ ẹ sọ nípa gìrì sílẹ̀, màá sọ fún alága páàkì.

ỌmọRẹ́mọ_Akọ̀tàn

Ìyá ọkọ Àjíkẹ́ ti wọlé, orí 2 ló wà báyìí, orí 3 àti 4 á sì kún fún oṣù tí oògùn náà fi dáa lára ẹ̀, kí n tó jẹ́ kó yán. Á gbé Ẹ̀rọ̀ mì kó tó gun Erédò bí nọ́ọ̀sì ṣe wí, iye tó gbé mì ò ní í sí nínú ìwé. Tí mo bá parí orí 9 màá gbé e síbí, nọ́ọ̀sì ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo ibi tí wọ́n ti ń jí i yẹn dáadáa kó tó di ìwé.